Ẹni Tó Jókòó Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri: Ohun Tí Kíláàsì Ijó Scotland Kọ́ Mi

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn ìyá wa tó ń gbé ní Aberdeen bá wa sọ níbi ìpàdé gbogbo ẹ̀ka lórí Zoom. Ọ̀pọ̀ yín ló ní ká gbé e jáde kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á. Òun nìyí.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lónìí, àti ẹ̀yin tí ẹ máa kà á lórí fóònù lọ́la, gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ wa ṣe lè fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra. Mo ní, "Àbúrò mi, n ò kàwé lórí ìyẹn o. Ijó àwọn ará Scotland ni mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni. N ò ṣàwàdà. Ó di ọdún kẹsàn-án báyìí tí mo ti ń lọ sí kíláàsì ijó kan ládùúgbò mi, ó sì di ọdún karùn-ún tí mo ti wà lára àwọn tó ń ṣètò rẹ̀. Èmi kọ́ ni olùkọ́ o. Olùkọ́ wa gba ìwé-ẹ̀rí. Tèmi ni ẹnu ọ̀nà, owó àtiwọlé, tíì, àti àlejò. Nídìí tíì yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ rèé. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ, tí àwọn ọmọ náà ti wá iṣẹ́ wọn gba ìlú míì lọ, ó ku èmi nìkan nínú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Aberdeen mọ̀ pé nínú oṣù Disẹ́mbà, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún gbóhùn èèyàn. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ló wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Wá bá wa jó ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ijó náà fún ẹni tí kò rí i rí. Kì í ṣe ijó kí kálukú máa dárà níbi tó bá dúró sí. Àwọn ọkùnrin á tò sí apá kan, àwọn obìnrin á tò sí apá kejì, wọ́n á kọjú síra. Èèyàn mẹ́jọ, ìyẹn méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, ló sábà máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀tì kan. Apá ibi tí orin ti ń wá ni orí sẹ́ẹ̀tì. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì tó wà lórí ló máa ṣáájú: wọ́n á dira wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á yí po, wọ́n á gba àárín àwọn yòókù kọjá, wọ́n á lọ́ yí wọn ká bí ẹni ń dirun. Orin reel àti jig yá, strathspey ń lọ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n ń mú wọlé ọkọ. Accordion, dùùrù, àti fiddle tó jọ gòjé tiwa ni wọ́n fi ń lù ú. Gbogbo ijó ló lórúkọ, wọ́n sì ti kọ ìrìn ẹsẹ̀ wọn sínú ìwé. Tí o bá mọ ọ̀kan ní Aberdeen, o lè jó o ní Tokyo, nítorí ẹ̀ka wọn wà níbẹ̀ náà.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ojú tì mí o. Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, olórin á kọ́kọ́ tẹ ohùn kan, ọkùnrin á tẹríba, obìnrin á tẹ orúnkún díẹ̀ láti kí ẹnìkejì rẹ̀. Èmi ò mọ "díẹ̀." Bàbá tí wọ́n ní kí n bá jó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo bá kúnlẹ̀ délẹ̀, orúnkún méjèèjì! Kí n tó dìde, orin ti lọ.

Ìyẹn ò tíì tó. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹni tó wà níwájú mi, kí n na ọwọ́ òsì sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ òsì kẹ̀? Sí àgbàlagbà? Mo fi òsì pamọ́ sẹ́yìn, mo tún na ọ̀tún. Bàbá na òsì tiwọn, wọn ò rí nǹkan dì mú, wọ́n bá kọjá lọ bíi mọ́tò tí kò ní bírèkì.

Wọ́n tún ní ká máa wo ojú ẹni tí à ń bá jó. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Nígbà tí a jókòó mu tíì, bàbá yẹn sún mọ́ mi, wọ́n ní ṣé àwọn ṣẹ̀ mí ni? Ó ká mi lára. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú korokoro, wọn ò kọ́ ọ nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, máa wo etí mi." Etí bàbá yẹn ni mo wò fún oṣù mẹ́ta gbáko kí n tó lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò tíì mọ ẹsẹ̀ kankan gbé nígbà yẹn. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì nítorí pé ẹnìkan béèrè ohun tó ń ṣe mí, ó sì dúró gbọ́ èsì.

Ijó yìí fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ijó tuntun ti gba ìgboro, àwọn ọ̀dọ́ ò wo ti àtijọ́ mọ́. Ní 1923, obìnrin méjì, Jean Milligan tó jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, àti Ysobel Stewart, pe àwọn èèyàn jọ ní Glasgow, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tọ àwọn àgbà lọ, wọ́n tú ìwé àtijọ́ wò, wọ́n kọ àwọn ijó náà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó máa kọ́ ẹlòmíì. Ní 1951, Ọba George Kẹfà fún wọn láṣẹ láti fi "Royal" ṣáájú orúkọ ẹgbẹ́ wọn, ó wá di Royal Scottish Country Dance Society. Bí àwọn tó mọ ijó náà bá ti ń jó o láàárín ara wọn nìkan ni, ìbá ti bá wọn wọ sàréè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n wá lọ.

Báwo la wá ṣe ń ṣe kíláàsì tiwa? Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba inú alẹ́ kan kọjá.

Mo máa ń débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí gbọ̀ngàn lè móoru. Àga díẹ̀ ni mo máa ń tò. Àga tó bá pọ̀ jù, jíjókòó ló ń pè. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n pè dáadáa kí n tó fi í sílẹ̀. A kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò ní alẹ́ àkọ́kọ́. Tó bá padà wá, á máa san owó kékeré tí a fi ń san owó gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó máa ní kó ra kilt. Bàtà tó rọ̀ tí kò ní gìgísẹ̀ gíga ti tó, ìgò omi náà sì dára.

Ijó àkọ́kọ́, a máa ń mú èyí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti mọ nǹkan tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni wọ́n ń pè ní The Dashing White Sergeant. Èèyàn mẹ́ta á dira wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á kọjú sí mẹ́ta míì, gbogbo gbọ̀ngàn á sì tò yípo bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jó pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tó wà níwájú wọn, lẹ́yìn náà àwọn kan á gbọ́wọ́ sókè, àwọn kejì á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á lọ pàdé mẹ́ta míì. Mẹ́ta-mẹ́ta ni, nítorí náà ẹni tó dá wá ò ní máa wá ẹnìkejì kiri. Kí orin yẹn tó tán, àlejò ti di ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn mú. Ó ti di ará ilé.

Olùkọ́ wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á sọ ọ́ ní ṣókí, a ó fẹsẹ̀ rìn ín láìsí orin, lẹ́yìn náà orin á bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnìkan bá ṣì í, kì í dárúkọ ẹni náà. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa tún un rìn." Ó máa ń sọ nǹkan kan tí mo ti mú wọ inú ayé mi: tí o bá sọnù nínú ijó, má lé èyí tó ti kọjá. Wo ibi tó yẹ kí o wà báyìí, lọ dúró síbẹ̀, na ọwọ́ rẹ, ijó á wá bá ọ níbẹ̀.

A kì í fi àlejò sí orí sẹ́ẹ̀tì. Ipò kẹta tàbí ìkẹrin la máa ń fi í sí, kó lè wo àwọn tó ṣáájú kí ó tó kàn án. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jó la sì máa ń fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ á kàn án o! Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ijó yìí nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ijó yìí, àwọn méjì tó wà lórí á ṣáájú lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á bọ́ sórí. Ẹ̀ẹ̀mejì-méjì lọ́nà mẹ́rin, ó di mẹ́jọ, ijó tán. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò kúrò lórí nítorí pé òun mọ̀ ọ́n jó ju gbogbo ayé lọ. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ijó ò lè lọ mọ́. Ẹni tó bá létí, kó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni tíì àti bisikíìtì. Ẹ má fojú kékeré wo tíì o. Ẹsẹ̀ là ń kọ́ nínú ijó, nídìí tíì la ti ń mọ̀ pé ẹnìkan ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, pé ọmọ ẹnìkan ò ríṣẹ́. Alága ń fọ ife, akápò ń nù ún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí, torí òun ló gbé mi wá síwájú yín.

Ní ọdún kan, nínú oṣù Jánúárì, à ń palẹ̀ mọ́ fún ijó alẹ́ Burns, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣèrántí akéwì wọn, Robert Burns. Ara wa ti yá. Èmi náà ti ń mọ̀ ọ́n, mo sì ti ń mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó wò mí. Mo rí i pé ó wò mí. Ijó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ dáadáa ló kàn, mo sì ti bá ẹni tó mọ̀ ọ́n jó ṣàdéhùn. Mo ní tí èyí bá tán, màá lọ fà á dìde. Ó tán, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Mo ní tí èyí bá tán. Nígbà tí a mu tíì, mo gbé ife fún un, mo kí i kú àbọ̀, ẹnìkan pè mí, mo lọ. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, ife náà wà lórí àga, ọmọ náà ti lọ. Tíì ọ̀hún ò tíì tutù.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí i níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo ní kí ló dé tí a ò rí i mọ́? Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ti pé tẹ́lẹ̀, Ma."

Ẹ ti pé. Òótọ́ sì ni. Mẹ́jọ-mẹ́jọ, sẹ́ẹ̀tì méjì, ó pé pérépéré.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan lára wa kó lọ sí ìlú míì. Orúnkún ń dun ẹnìkejì, kò lè wá mọ́. Àwọn kan kàn dákẹ́. Bàbá tí mo máa ń wo etí wọn sùn lóru ọjọ́ kan, wọn ò jí. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òjò dídì bo ìta, a ka ara wa, a jẹ́ méje. Èèyàn méje ò lè jó ijó èèyàn mẹ́jọ. A mú ijó ẹni mẹ́fà, ẹnìkan sì ní láti jókòó. Èmi ni mo jókòó. Àga ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bó ṣe tutù tó.

Láti ọjọ́ yẹn la ti fi òfin kan lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àwa ìgbìmọ̀ ò gbọdọ̀ wá ẹni tí ó máa bá jó kó tó kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Tí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, ẹni yẹn ló ni ijó àkọ́kọ́. Kò sí "tí èyí bá tán." Díẹ̀ díẹ̀, a tún ti pé sẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì máa ń ṣẹ́kù. Àmọ́ ọmọbìnrin yẹn ò padà wá.

Ẹ má bínú sí mi, ilé la wà. Ìpàdé ẹ̀ka kan lára ẹgbẹ́ wa tí mo lọ lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan wá, ẹ̀yìn odi ni wọ́n bí i sí. Kó tó rí àga jókòó, wọ́n ti bi í léèrè agbo ilé bàbá rẹ̀. Ó fi Yorùbá tí kò já gaara dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan wá ṣí ìwé, ó ka iye ọdún tí bàbá ọmọ náà ò san owó ẹgbẹ́ sí i létí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ tán, ó lọ. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Àwa náà ti pé, àbí?

Ẹnìkan kì í jẹ́ Àwádé. Ẹ ka ìwé orúkọ ẹ̀ka yín wò. Ẹ wo iye àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ẹ wá wo àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó ka ara wa tí a ó jẹ́ méje.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. N ò ní kí ẹ máa jó ijó Scotland. A níjó tiwa, a nílù tiwa, gbọ̀ngàn tí owó wa kọ́ sì wà nílé tí a ń tì pa títí di ọjọ́ ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká ṣí i ní alẹ́ kan lóṣù. Kí àwọn onílùú wa wá, ká fún wọn ní nǹkan. Kí àwọn ìyá tó mọ ijó ìlú wa kọ́ àwọn ọmọ, ká fi fóònù ya ìrìn ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ̀ka tó wà lókè òkun náà lè ṣe é nínú pálọ̀ ẹnìkan. Kí àlejò má sanwó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló máa béèrè. Kí ọ̀rọ̀ gbèsè dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ. Kí ẹni tí Yorùbá rẹ̀ ò já gaara ṣì í sọ, ká má rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì sọ fún mi pé owó ò sí. Ní oṣù Júùnù 1940, àwọn Jámánì kó ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Scotland, ẹgbẹ́ kọkànléláàádọ́ta, ní St Valéry-en-Caux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì kó wọn lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nínú ẹ̀wọ̀n yẹn ni wọ́n ti ṣe ijó tuntun kan, tí wọ́n ti ń dúró bí àgbélébùú tó wà lára àsíá Scotland. The Reel of the 51st Division la mọ̀ ọ́n sí, a sì ń jó o títí di òní. Ẹlẹ́wọ̀n rí ààyè jó, àwa tí a ní gbọ̀ngàn ń wí àwáwí.

Mo ti fẹ́ parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, mo mọ̀ yín. Ẹ máa fi àwòrán àtẹ́wọ́ mẹ́ta ránṣẹ́, ẹ ó kọ "ire o, Mà," ẹ ó sì kọjá sórí ìròyìn míì. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rántí ẹnìkan tó máa ń wá sípàdé tẹ́lẹ̀, tó dákẹ́. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Ẹ pè é, kó gbóhùn yín. Ẹ má sọ̀rọ̀ owó. Ẹ ní, "A ò rí ọ, ara ò le ni?" Tó bá wá, ẹ fún un lọ́wọ́ mú. Ọ̀tún o, òsì o, n ò ní bínú mọ́.

Ìlú wa á tòrò, á tùbà.